Kíka Òǹkà Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Amúṣẹ́yá Láti Ọwọ́ Dráífà

Òǹkà iṣẹ́ ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kọ sínú ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ: iye ìgbà tí aago rẹ̀ ti lù, iye dátà tó ti gba ọ̀nà mẹ́mọ́rì kọjá, iye àkókò tí ẹ̀yà kan lára rẹ̀ ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ka mítà iná àtijọ́ rí, èyí tí àwo róbótó ń yí lábẹ́ gíláàsì rẹ̀, ti mọ òǹkà. Mítà yẹn kì í sọ iye iná tí ilé lò lánàá. Nọ́ńbà kan tó ń gun òkè ṣáá ló gbé síta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti àná ní láti kà á láàárọ̀, kó tún un kà lálẹ́, kó wá yọ ti àárọ̀ kúrò nínú ti alẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti inú kọ̀ǹpútà rí. Intel ti fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ sínú CPU Pentium ní 1993. Àwọn ẹ̀rọ amúṣẹ́yá òde òní náà ní tiwọn.

Ẹ̀rọ amúṣẹ́yá ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ kan pàtó kó lè gbà á lọ́rùn CPU. GPU wà fún àwòrán, ẹ́ńjìnnì fídíò wà fún títú fídíò àti fífún un pọ̀, NPU sì wà fún iṣẹ́ òye àtọwọ́dá. Ètò tí èèyàn ń lò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti na ọwọ́ kan òǹkà inú wọn. Dráífà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn apá ètò ìṣiṣẹ́ tó gbọ́ èdè ẹ̀rọ kan pàtó. Òun ló ń ka rẹ́jísítà, ìyẹn àyè inú ẹ̀rọ tí òǹkà wà, òun ló ń ṣírò ohun tó kà, òun náà ló sì ń gbé èsì síta bíi fáìlì tàbí bí ìlà lórí ojú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, nọ́ńbà tó bá jáde ti gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà á gbọ́, ó yẹ kó mọ ohun tí wọ́n kà, kó sì mọ ẹni tó kà á.

Ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ti pàdé ọ̀nà Ìpájà àti èyí tó gba Ẹgbẹ́dá lọ sí Ìkọ̀tún, ẹ̀rọ amúṣẹ́yá tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe káàdì ńlá olówó gọbọi. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ ló wà: HP EliteBook, Dell Latitude tàbí Lenovo ThinkPad tí ọ́fíìsì kan lókè òkun ti lò tán kó tó dé Computer Village ní Ìkẹjà, tí GPU Intel sì ti wà lára CPU rẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tó ń ya fídíò òde. Fídíò ìgbéyàwó wákàtí mẹ́fà wọlé lálẹ́ Sátidé, oníyàwó fẹ́ gbà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí, render, ìyẹn títo fídíò jáde, ń lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ń jó. Ohun tí onífídíò ní láti mọ̀ ni bóyá GPU ń bá CPU gbé ẹrù náà tàbí ó kàn jókòó tì í. Fáànù tó ń hu kò lè dáhùn, torí pé CPU nìkan tó láti mú un hu.

Ẹni tó bá ń lo Windows kò ní láti fi ohunkóhun kún ohun tó wà níbẹ̀. Láti ìgbà àtúnṣe Windows 10 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1709, tó jáde ní 2017, Task Manager ti ní ojú ewé GPU, tí 3D, Video Decode àti Video Encode wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀. Kò ní hàn bí dráífà náà bá ti pẹ́ ju WDDM 2.0, ìlànà dráífà GPU ti Windows, lọ. Àwọn nọ́ńbà yẹn kì í wá láti inú rẹ́jísítà GPU ní tààrà. Apá Windows tó ń pín iṣẹ́ fún GPU ló mọ ìgbà tó gbé iṣẹ́ lọ àti ìgbà tí iṣẹ́ parí, òun ló sì ń ṣe ìṣírò náà. Fún onífídíò, ìyẹn tó. Ẹni tó bá fẹ́ rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, Linux ni kó wá, torí pé níbẹ̀ ni dráífà ti ṣí ìwé ìṣírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò pọn dandan kó pa Windows rẹ́. USB tí wọ́n gbé Ubuntu sí tó láti fi wo ẹ̀rọ náà.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ dráífà tó ń ṣàkóso GPU:

lspci -k | grep -A 3 VGA

Ìlà tí wọ́n kọ «Kernel driver in use» sí ni kí ojú wá. Lórí kọ̀ǹpútà Intel tòkunbọ̀, i915 ló máa ń wà níbẹ̀. Xe lè wà lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí pé dráífà yẹn wọ kernel, ìyẹn ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ Linux, ní ẹ̀dà 6.8 ní 2024. Lórí AMD, amdgpu ni. Lórí NVIDIA, nvidia tàbí nouveau. Bí ìlà náà kò bá sí rárá, kò sí dráífà tó mú ẹ̀rọ náà, kò sì sí òǹkà kankan tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Ẹ̀ka perf ti wà nínú kernel Linux láti 2.6.31 ní 2009, CPU ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún. Dráífà i915 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òǹkà tirẹ̀ gba ibẹ̀ láti 4.16 ní 2018. Orúkọ wọn wà nínú àpótí yìí:

ls /sys/bus/event_source/devices/i915/events

Mẹ́rin nínú wọn ló ṣe kókó jù. Rcs0-busy ni ti apá tó ń ya àwòrán, bcs0-busy ni ti apá tó ń ṣe àdàkọ dátà láti ibì kan sí ibòmíràn, vcs0-busy ni ti ẹ́ńjìnnì fídíò, vecs0-busy sì ni ti apá tó ń tún àwọ̀ fídíò ṣe, tó sì ń sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré. Ẹni tó ń ṣe fídíò òde kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára vcs0. Bí wọ́n ṣe ń kà á ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan rèé:

sudo perf stat -a -e i915/vcs0-busy/ -I 1000

Nanosecond ni èsì rẹ̀, bílíọ̀nù kan nínú rẹ̀ ló sì wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlà kan bá gbé 850,000,000 jáde, ẹ́ńjìnnì fídíò fi 85% ìṣẹ́jú àáyá náà ṣiṣẹ́. Ẹni tí ìṣírò yìí bá sú lè fi intel-gpu-tools sórí ẹ̀rọ, kó sì pe `sudo intel_gpu_top`. Àwọn òǹkà kan náà ló ń kà, àmọ́ ó ti yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, ó ti sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì kọ Render/3D, Blitter, Video àti VideoEnhance sí ìlà mẹ́rin. Láti kernel 5.19, tó jáde ní 2022, dráífà tún máa ń kọ ìpín ètò kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì fdinfo rẹ̀ ní /proc, ìyẹn ni intel_gpu_top fi lè sọ pé ffmpeg, ètò tó ń tú fídíò tó sì ń fún un pọ̀, ló ń lo ẹ́ńjìnnì náà, kì í ṣe ìkànnì fídíò tí ọmọọṣẹ́ ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀nà méjì ni i915 ń gbà mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyàtọ̀ wọn sì tóbi. Bí ẹnì kan bá dúró lábẹ́ afárá Ìyànà Ìpájà tó ń ka danfo Ìkọ̀tún, ó lè kọ aago tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wọ ibùdó àti aago tó jáde. Ó sì lè di ojú, kó máa là á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wò bóyá ọkọ̀ wà níbẹ̀. Lórí Haswell, ìran kẹrin Intel tó jáde ní 2013, àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà kejì ni dráífà ń gbà: ó ń wo ẹ́ńjìnnì nígbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fojú bu ìyókù. Láti Broadwell, ìran karùn-ún, ó ń kọ ìgbà tí iṣẹ́ wọlé àti ìgbà tó jáde. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ i5-4300U bá sọ pé 62% àti i5-6300U sọ pé 60% lórí fídíò kan náà, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ 2 yẹn lè wà nínú bí wọ́n ṣe kà á. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì kékeré inú orúkọ CPU ló ń sọ ìran irú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí: 4 inú 4300U ni ìran kẹrin.

Ibi tí òǹkà ti ń ṣe onífídíò lóore jù ni ọ̀rọ̀ HEVC, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀. Láti iOS 11 ní 2017, iPhone 7 àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti ń fi HEVC ya fídíò, àyàfi tí ẹni tó ni ín bá yí i padà. Ẹ́ńjìnnì fídíò Haswell kò gbọ́ HEVC rárá. Skylake, ìran kẹfà tó jáde ní 2015, gbọ́ ti bíìtì 8. Kaby Lake, ìran keje, ló wá gbọ́ ti bíìtì 10, èyí tí iPhone 12 àti àwọn àbúrò rẹ̀ máa ń yà bí HDR bá wà ní títàn. Bí wọ́n bá gbé fídíò àbúrò ìyàwó tí wọ́n fi iPhone yà sórí Haswell, kì í kọ̀ ọ́:

ffmpeg -hwaccel vaapi -i ode.mov -f null -

Ffmpeg yóò kọ ìlà kan pé vaapi, ọ̀nà tí ètò ń gbà lo ẹ́ńjìnnì fídíò lórí Linux, kò gbà, ìlà náà yóò sáré kọjá láàárín ogún ìlà mìíràn, iṣẹ́ yóò sì máa lọ lórí CPU bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Fídíò yóò tú, yóò parí, yóò kàn pẹ́ ni. Bí wọ́n bá ṣí intel_gpu_top sí fèrèsé kejì, ìlà Video wà ní 0.00% láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òǹkà yẹn nìkan ló tú àṣírí. Lórí i5-7300U, fáìlì kan náà á gbé ìlà Video sókè, CPU á sì sinmi.

Ìdí nìyí tó fi dáa kí ẹni tó ń lọ ra kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà mú USB Ubuntu dání, kó pe `vainfo` lójú ẹni tó ń tà á. Bí VAProfileHEVCMain àti VAProfileHEVCMain10 bá wà nínú èsì, ẹ́ńjìnnì náà gbọ́ méjèèjì. Dráífà VA-API ti Broadwell sókè ni intel-media-va-driver, ti àwọn àgbà ni i965-va-driver. Bí wọ́n bá ṣì í gbé, vainfo lè ṣófo lórí ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le koko.

Nígbà tí wọ́n bá ń fún fídíò pọ̀ sí H.264 pẹ̀lú h264_vaapi lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé Render/3D náà gòkè. Apá tó ń ya àwòrán ló ń bá ẹ́ńjìnnì fídíò wá ibi tí nǹkan ti ṣí kúrò láàárín fọ́tò kan sí èkejì. Àwọn ìlà wọ̀nyí pẹ̀lú ti CPU ló ń sọ ibi tí ọ̀nà ti há. Bí Video bá wà nítòsí 100% tí CPU sì wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, owó tí wọ́n bá fi kún mẹ́mọ́rì á ṣòfò. Bí CPU bá wà ní 100% tí Video kò kúrò ní 0, iṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ GPU. Bí àwọn méjèèjì bá wà nílẹ̀, hard disk ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí.

Òǹkà ní òpin. Mítà àtijọ́ tó bá dé 99999 máa ń padà sí 00000, ti inú kọ̀ǹpútà náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òǹkà bíìtì 32 tó ń ka ìlù aago 1 GHz yóò padà sí òdo lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 4.3. Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn lójú rú jù ni òǹkà agbára iná Intel, tí dráífà powercap gbé síta ní:

/sys/class/powercap/intel-rapl:0/energy_uj

Microjoule ló ń kà. Fáìlì max_energy_range_uj tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ibi tó máa dé kó tó padà. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká Intel, 262143328850 ló wà níbẹ̀, ìyẹn bíi joule 262,143. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 15 W yóò dé ibẹ̀ láàárín wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 51. Render tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ yóò ti kọjá ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ká ní wọ́n ka 250000000000 lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ka 20000000000 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lásán, èsì á jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń dá iná padà fún jẹnẹrétọ̀. Ọ̀nà tó tọ́ ni láti yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú òpin, ìyẹn 12143328850, kí wọ́n sì fi 20000000000 kún un: 32143328850, bíi joule 32,143. Pín in fún ìṣẹ́jú àáyá 2,400, 13.4 W ni. Bí ó bá ti yí po lẹ́ẹ̀mejì láàárín kíkà méjì, kò sí ìṣírò tó lè gbà á padà, torí náà kíkà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló dáa jù.

Fáìlì energy_uj yẹn kò ní ṣí fún ẹni tí kì í ṣe root. Ṣáájú November 2020, ẹnikẹ́ni ló lè kà á, kí àwọn olùwádìí tó fi hàn nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní PLATYPUS pé bí iná ṣe ń lọ sókè sódò lè tú kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó wà nínú CPU. Ti GPU kò yàtọ̀. Ní 2018 àwọn olùwádìí ní University of California, Riverside, fi òǹkà GPU NVIDIA mọ ìkànnì tí ẹlòmíràn ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà kan náà; ní 2019 NVIDIA ti àwọn òǹkà jíjinlẹ̀ pa mọ́ ọwọ́ alákòóso, ìyẹn ló fà á tí ERR_NVGPUCTRPERM fi ń jáde. Lórí Linux, kernel.perf_event_paranoid ló ń sọ bí ilẹ̀kùn ṣe le tó, Ubuntu sì gbé e sí 4. Kernel 5.8 ti 2020 mú CAP_PERFMON wá, kí wọ́n lè fún ẹnì kan láṣẹ òǹkà nìkan láìfún un ní gbogbo ilé. Níbi tí èèyàn mẹ́rin ti ń lo kọ̀ǹpútà kan, sudo lásìkò tí wọ́n bá fẹ́ kà á ló dáa ju kí wọ́n sọ paranoid di -1, kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Lórí AMD, ọ̀rọ̀ náà kúrú. Amdgpu ti ṣírò rẹ̀ tán, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú /sys/class/drm/card0/device/gpu_busy_percent. Nọ́ńbà card lè jẹ́ 1 lórí ẹ̀rọ mìíràn. NPU inú àwọn CPU Intel Core Ultra ń gba ẹ̀ka accel kọjá, èyí tó wọ kernel 6.2 ní 2023, dráífà rẹ̀ ivpu sì tẹ̀ lé e ní 6.3. Láti 6.11, ó ní npu_busy_time_us, òǹkà bíi ti mítà, ní microsecond, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n sì yọ. Lórí Raspberry Pi 4, GPU V3D ní òǹkà 87, ṣùgbọ́n 32 péré ni dráífà ń jẹ́ kí wọ́n kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Perf náà ní irú ìṣòro àyè bẹ́ẹ̀ lórí CPU: bí wọ́n bá béèrè ju àyè tó wà lọ, ó ń fi wọ́n gba ìpò ara wọn, ó sì ń kọ ìdá àkókò tí ó rí ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí 25% bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfojúbù ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ NVIDIA díẹ̀, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi Google Colab kọ́ ẹ̀rọ lédè. Káàdì T4 tó wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ń dáhùn sí nvidia-smi:

nvidia-smi --query-gpu=utilization.gpu,memory.used,power.draw --format=csv -l 1

Utilization.gpu tó bá kọ 100% máa ń mú inú ọ̀pọ̀ wọn dùn láìnídìí. Ohun tó ń kà ni ìdá àkókò tí, ó kéré tán, iṣẹ́ kan ṣoṣo wà lórí GPU. Kò bi í pé iṣẹ́ náà gba ibi mélòó nínú rẹ̀. Danfo tó gbé èrò kan lọ sí Ìkọ̀tún àti èyí tó kún dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ìwé rẹ̀: ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà. Ibi tí òótọ́ ti ń yọjú ni power.draw. Òpin T4 ni 70 W. Bí utilization bá wà ní 100% tí iná sì dúró sí 30 W, ọ̀pọ̀ ibi lórí káàdì náà ń jókòó lásán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé ẹrù tó pọ̀ sí i lé e lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì tún wo nọ́ńbà iná.

Fún iṣẹ́ òru, kì í ṣe dandan kí ẹnikẹ́ni jókòó ti ojú kọ̀ǹpútà. Intel_gpu_top lè máa kọ ohun tó rí sí fáìlì ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún:

sudo intel_gpu_top -l -s 5000 -o ale.txt

Lọ́wọ́ àárọ̀, ibi méjì ni kí ojú lọ nínú fáìlì náà. Èkínní ni ìlà Video. Èkejì ni ìyára aago, níbi tí wọ́n ti kọ èyí tí dráífà béèrè àti èyí tó rí gbà. Bí ó bá béèrè 1100 MHz láti alẹ́ tó sì rí 1100 gbà títí di aago kan òru, tó wá ń rí 600 láti ìgbà náà lọ, nǹkan kan ló dì í lọ́wọ́ mú.

Lórí Intel ìran kẹwàá tí wọ́n ń pè ní Ice Lake àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, i915 ń sọ orúkọ nǹkan náà fúnra rẹ̀, nínú /sys/class/drm/card0/gt/gt0. Bí throttle_reason_thermal bá jẹ́ 1, ooru ni: eruku ti dí ọ̀nà fáànù, tàbí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí throttle_reason_pl1 bá jẹ́ 1, iye iná tí wọ́n fọwọ́ sí fún ẹ̀rọ náà ló dé òpin, kò sí àtúnṣe tó kàn án. Bí ó bá jẹ́ throttle_reason_prochot nígbà tí ara ẹ̀rọ sì tutù, ṣájà ni kí wọ́n wò. Àwọn kọ̀ǹpútà kan máa ń fa ìyára wálẹ̀ bí wọn kò bá dá ṣájà tí wọ́n fi sí wọn mọ̀, ṣájà tí kì í ṣe ojúlówó sì ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ ń bá dé.